Kókó Tó Wà ní Ìdí Kálàmù: Iṣẹ́ Tí Písítìnì Ń Ṣe, àti Èyí Tí Kò Kàn Án

Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ìwé jẹ́ rí nítorí kókó kékeré kan. Kálàmù onítàdáwà tí mo ń lò nígbà náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní onípísítìnì, bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀: á kọ méjì, á fo ẹ̀kẹta. Mo ní tàdáwà ni kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ni mo bá yí kókó tó wà ní ìdí rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ọṣẹ ìfọyín láti ìdí wá sí ẹnu. Kí n tó ṣẹ́jú, tàdáwà ti dà sórí ìwé, ó ti gba àtàǹpàkò mi, ó ti dé etí ọwọ́ ẹ̀wù. Ohun tí mo kọ láti àárọ̀ di aró.

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra irú kálàmù yìí ló gbà pé písítìnì inú rẹ̀ ló ń ti tàdáwà jáde bí a bá ń kọ̀wé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà tí a bá ń rọ tàdáwà sí i àti ìgbà tí a bá ń fọ̀ ọ́ nìkan ni písítìnì ń ṣiṣẹ́. Bí kálàmù bá ti wà lórí ìwé, ńṣe ni písítìnì jókòó síbi tó wà bí ìdérí ìkòkò, kò mira. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí pé bí ó bá ti yé èèyàn, ìdí tí wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀yà ara kálàmù náà bí wọ́n ṣe ṣe é á yé e pẹ̀lú.

Báírò kò ní irú wàhálà yìí. Tàdáwà inú rẹ̀ ki bí òróró, bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń yí tó ń kó o sórí ìwé, bó bá sì tán, a sọ ọ́ nù. Ti kálàmù onítàdáwà yàtọ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú tàdáwà tirẹ̀, ó ń ṣàn, ẹnu rẹ̀ kò sì ní bọ́ọ̀lù kankan. Irin pẹlẹbẹ tí orí rẹ̀ ṣóńṣó ni, wọ́n là á láàárín. Òun là ń pè ní níbù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú kálàmù bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè méjì láti dáhùn. Báwo ni tàdáwà yóò ṣe máa jáde díẹ̀díẹ̀ láìdà? Báwo ni yóò sì ṣe wọlé bí ikùn kálàmù bá gbẹ?

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, orúkọ tí wọ́n máa ń dá ni ti Lewis Waterman, ará Amẹ́ríkà, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lọ́dún 1884 lórí ahọ́n tó wà lábẹ́ níbù. A ó padà sórí ahọ́n yẹn. Ìbéèrè kejì ló bí písítìnì. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n tú kálàmù sí méjì, kí wọ́n fi ohun ìkántàdáwà kán an sínú rẹ̀ bí ẹni ń kán oògùn sójú. Ó ń gba púpọ̀, àmọ́ tàdáwà máa ń dà sí ọwọ́ èèyàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníkálàmù gbé àpò rọ́bà sínú rẹ̀. Walter Sheaffer, ará Amẹ́ríkà bákan náà, gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1908 lórí irin kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálàmù: èèyàn á gbé irin náà sókè, á fún àpò pọ̀, á jù ú sílẹ̀, àpò á fẹ̀ padà, á sì mu tàdáwà. Ìyẹn dára, àfi pé rọ́bà kì í dàgbà kó gbọ́n. Ńṣe ló ń le, tó ń là, tàbí kó yọ́ di ẹrẹ̀ dúdú.

Ẹni tó bá ti rí síríńjì nọ́ọ̀sì rí ti mọ ìdáhùn kẹta: bu àpò rọ́bà dànù, jẹ́ kí ara kálàmù fúnra rẹ̀ jẹ́ ikùn, kí ohun kan tó há mọ́ inú rẹ̀ dáadáa máa lọ síwájú sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ohun tó há mọ́ ọn yẹn ni písítìnì. Ìṣòro síríńjì ni ìrù rẹ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá máa rin ìka méjì nínú, ìka méjì gbọ́dọ̀ yọ síta. Ta ni yóò gbé kálàmù tó ní irú ìrù bẹ́ẹ̀ sápò?

Bóòtì àti nọ́ọ̀tì

Ẹ mú bóòtì kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ fi nọ́ọ̀tì náà sáàárín igi pẹlẹbẹ méjì tí kò ní jẹ́ kó yí, àmọ́ tí kò dí i lọ́nà síwájú sẹ́yìn. Ẹ wá máa yí bóòtì náà lójú kan, láìjẹ́ kó kúrò níbi tó wà. Nọ́ọ̀tì ò lè yí, kò sì lè dúró. Àfi kó máa rìn. Ẹ yí bóòtì sósì, nọ́ọ̀tì á lọ sí apá kan. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, á padà.

Ohun tó wà nínú kálàmù nìyẹn. Kókó ìdí ni orí bóòtì. Ọ̀pá písítìnì ni nọ́ọ̀tì: wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì pẹlẹbẹ, ó sì ń gba inú òrùka kan kọjá tí ihò rẹ̀ náà rí pẹlẹbẹ, nítorí náà kò ráyè yí. Orí ọ̀pá yẹn ni wásà rọ́bà tàbí ike wà, tó há mọ́ inú ikùn kálàmù. A ń yí kókó, ọ̀pá ń rìn, wásà ń gbá inú kálàmù bí ìgbálẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tú ọ̀kan wò lórí tábìlì, ó yà mí lẹ́nu bí nǹkan tó wà níbẹ̀ ṣe kéré tó: kókó, ọ̀pá, òrùka, wásà. Mo ti ń retí ìfọ́nrán irin kéékèèké bíi ti aago.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní písítìnì ní láti rin mìlímítà 25 kí ikùn kálàmù tó kún. Tíréèdì bóòtì lásán, ìyẹn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká, lè máa rin mìlímítà 1 fún yíyí kan. A jẹ́ pé èèyàn á yí kókó nígbà 25 láti kún un, á tún yí i nígbà 25 kó tó tú u jáde. Ìyẹn ti di iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí tíréèdì inú kálàmù fi ń gẹ̀rẹ́: kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo ló yí ọ̀pá náà ká, méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń sáré pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irú rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ìgò tí ìdérí wọn ń ṣí bí a bá ti yí i díẹ̀. Bí yíyí kan bá rin mìlímítà 5, ìgbà 5 péré ti tó.

Ibi tí ọgbọ́n ti wá wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé tíréèdì tó gẹ̀rẹ́ kì í di nǹkan mú. Ó rọrùn láti yí, ó sì rọrùn láti tú. Bí kókó bá ń tú fúnra rẹ̀ nínú àpò, ìparun aṣọ nìyẹn. Tíréèdì tín-ín-rín ló ń di nǹkan mú pinpin. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Theodor Kovács ló so méjèèjì pọ̀. Ó fi tíréèdì tín-ín-rín di kókó mọ́ ara kálàmù, ó wá fi èyí tó gẹ̀rẹ́ sáàárín kókó àti ọ̀pá písítìnì. Ká fojú inú wo nọ́ńbà kan, kì í ṣe ti kálàmù kan pàtó: bí a bá yí kókó lẹ́ẹ̀kan, á yọ síta ní mìlímítà 1, á sì ti ọ̀pá síwájú ní mìlímítà 5. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 5: písítìnì ti rin 4. Bí a bá yí i nígbà 6, kókó ò yọ ju mìlímítà 6 lọ, àmọ́ písítìnì ti rin 24. Ìrù síríńjì ti parẹ́. Wọ́n ń pè é ní písítìnì onídífáréńṣíà, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín tíréèdì méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Kò bá ti abẹ́ ọkọ̀ tan, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà dà yín láàmú.

Nínú ọ̀pọ̀ kálàmù òde òní, kókó á yọ díẹ̀, á wá máa yí lójú kan nígbà tí ọ̀pá ń rìn nínú. Ohun tí ojú rí yàtọ̀, bóòtì àti nọ́ọ̀tì náà ni.

Ilé iṣẹ́ Pelikan, ní ìlú Hannover lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló fi àrà Kovács ta kálàmù àkọ́kọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1929. Ọ̀rọ̀ náà kì í yà mí lẹ́nu. Tàdáwà àti ọ̀dà ni wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1838. Ẹni tó ń ta tàdáwà nínú ìgò, kálàmù wo ni ìbá tún wù ú ju èyí tó ń mu ún lámuyó? Wọ́n tún ṣe ara rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá, àwọ̀ ewé, kí ẹni tó ń lò ó lè mọ iye tàdáwà tó kù. Àpò rọ́bà kò gbà bẹ́ẹ̀ láyé.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé kókó yẹn pamọ́ tàbí gbé e hàn ti di ohun tí a fi ń mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Montblanc, ilé iṣẹ́ Jámánì mìíràn, gbé Meisterstück 149 jáde lọ́dún 1952, kálàmù ńlá tó kún ọwọ́, kókó rẹ̀ sì hàn gedegbe. Nígbà tó di 1966, Lamy, ilé iṣẹ́ Jámánì náà ni, gbé Lamy 2000 dé, èyí tí Gerd A. Müller yà: ike tí wọ́n ń pè ní Makrolon àti irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ha ara ike náà dé ibi pé ojú kì í tètè rí ibi tí ara kálàmù parí sí àti ibi tí kókó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé e fún ẹni tó wá kókó náà títí, tó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú pé ó ní in. Ilé iṣẹ́ TWSBI ní Taiwan wá gba ọ̀nà mìíràn: ara tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí gbogbo ọ̀pá àti wásà hàn nínú rẹ̀, pẹ̀lú sípánà kékeré àti gírísì nínú páálí fún ẹni tó bá fẹ́ tú u fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àlàyé mi yìí yé yín lójú ẹsẹ̀, irú kálàmù tó mọ́ gaara yẹn ni kí ẹ yá lọ́wọ́ ẹni tó ní in, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì.

Èéṣe tí ó fi ń gba púpọ̀?

Ohun tó ń da àwọn èèyàn rú ni pé kálàmù tó ń lo káátíríìjì, ìyẹn ike kékeré tí wọ́n ti rọ tàdáwà kún tẹ́lẹ̀, náà lè ní písítìnì. Kọ̀nfátà ni wọ́n ń pè é: ọ̀pọ́n kékeré kan tí a ń fi dípò káátíríìjì, tó ní kókó àti wásà tirẹ̀. Písítìnì ni lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ́n náà gbọ́dọ̀ wọ inú ara kálàmù, kó sì tún ku àyè, nítorí náà inú rẹ̀ tín-ín-rín. Nínú kálàmù onípísítìnì gidi, kò sí ọ̀pọ́n kankan. Ara kálàmù ni ọ̀pọ́n.

Ìyàtọ̀ yẹn ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ká ní inú kọ̀nfátà fẹ̀ ní mìlímítà 5, ti kálàmù fẹ̀ ní 8, tí písítìnì méjèèjì sì ń rin mìlímítà 25. Kọ̀nfátà á gba nǹkan bíi mìlílítà 0.5. Kálàmù á gba 1.25. Fífẹ̀ ò tíì lé ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ tàdáwà ti lé ní ìlọ́po méjì àbọ̀, torí pé bí ihò bá fẹ̀ sí i, ọ̀nà méjì ló gbà fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìbú àti òró.

Ohun tí a fi ń san án ni pé inú ara kálàmù gbọ́dọ̀ yípo rekete, kó sì dán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí nǹkan bá ha á nínú, tàdáwà á gba ojú ibi tó ha náà sá kọjá wásà. Ìdí kálàmù náà tún ń wúwo sí i, pàápàá bí wọ́n bá fi idẹ ṣe ọ̀pá, bíi ti Pelikan M800. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí ìwúwo wà níwájú, ṣùgbọ́n ọwọ́ yàtọ̀ sọ́wọ́.

Wásà yẹn náà ní ìtàn. Kọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò. Kọ́ọ̀kì dára bó bá tutù: á wú, á há. Bó bá gbẹ, á sún kì, tàdáwà á sì rí ọ̀nà. Ẹni tó bá jogún kálàmù àtijọ́ tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kó má ṣe fi agbára yí kókó rẹ̀. Ike àti rọ́bà àtọwọ́dá ló rọ́pò kọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá wo wásà òde òní dáadáa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ètè méjì: ọ̀kan kọjú sí tàdáwà, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ kejì lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tóbi ju ihò tí wọ́n wọ̀ lọ ní ìwọ̀nba irun, kí wọ́n lè máa fún ara wọn mọ́ ọn.

Bí tàdáwà ṣe ń wọlé

A máa ń sọ pé písítìnì ń fa tàdáwà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ohun tí písítìnì ń ṣe ni pé ó ń sún sẹ́yìn, àyè tó wà níwájú rẹ̀ ń fẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ sì ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Afẹ́fẹ́ ìta, tó ń tẹ ojú tàdáwà nínú ìgò láìsinmi, ló wá ń ti tàdáwà gòkè wọ inú àyè náà. Bí a bá fi sítúróò mu omi, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀.

Èyí ló fà á tí kò fi yẹ kí a kàn ti orí níbù bọ tàdáwà. Bí apá kan nínú ihò tó wà lábẹ́ níbù bá ṣì wà lókè tàdáwà, afẹ́fẹ́ ló máa kọ́kọ́ wọlé, torí òun ló rọrùn jù láti ṣàn. Ikùn á kún fún ìfófòó, èèyàn á sì máa bínú pé kálàmù tuntun kì í mu ju ìdajì lọ. Ẹ yí kókó sósì títí písítìnì á fi sún mọ́ níbù. Ẹ ri níbù náà bọlẹ̀ títí tàdáwà á fi bo etí ibi ìdìmú. Ẹ wá máa yí i sọ́tùn-ún jẹ́jẹ́. Bó bá dé òpin, ẹ má yára yọ ọ́. Ẹ ka ení dé àrún. Àwọn ọ̀nà inú ahọ́n kéré gan-an, tàdáwà ṣì ń rìn nínú wọn lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dúró.

Ohun tó kàn ni ọ̀pọ̀ ń fò, tí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé wọn fi máa ń ní àbàwọ́n. Ẹ yọ kálàmù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta padà sínú ìgò, ẹ wá gbé níbù kọjú sókè kí ẹ tó yí kókó dé ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni tàdáwà tó kún ahọ́n jù á padà sínú ikùn, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ẹ nu ún. Láti ìsinsìnyí lọ, písítìnì ti parí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ta ló wá ń gbé tàdáwà sórí ìwé?

Ẹ rántí òwú inú fìtílà. Kò sẹ́ni tó ń ti epo gòkè, òwú ló ń mu ún. Bí omi bá bá ojú ọ̀nà tóóró pàdé, ó máa ń rá wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ahọ́n abẹ́ níbù ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ìlà tí wọ́n là sáàárín níbù náà jẹ́ ọ̀kan, fọ́nrán inú ìwé sì jẹ́ òmíràn tó tún tóóró ju gbogbo wọn lọ. Ikùn fi lé ahọ́n lọ́wọ́, ahọ́n fi lé níbù, níbù fi lé ìwé.

Àmọ́ bí tàdáwà bá ń jáde, kí ló ń gba ipò rẹ̀? Ẹ dojú kẹ́ẹ̀gì tó kún fún omi kọ ilẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: gbòlù, gbòlù. Omi kan jáde, afẹ́fẹ́ kan wọlé. Kálàmù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi pé etí kò lè gbọ́ tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba ahọ́n wọlé ní ìwọ̀n tín-ín-tín, ìwọ̀n yẹn ló sì ń pinnu iye tàdáwà tó lè jáde. Àwọn eyín tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìyarun tó wà lára ahọ́n ni ibùsọ̀ pàjáwìrì: bí tàdáwà bá jáde ju bó ṣe yẹ, àárín wọn ló máa sá sí títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Nínú ikùn tó fẹ̀ ní mìlímítà 8, bí písítìnì bá rin mìlímítà 1 péré, ó ti ti mìlílítà 0.05 jáde, ẹ̀kán kan gbáko. Bí yíyí kan bá ń rin mìlímítà 4, ìdámẹ́rin yíyí ló gbé ẹ̀kán yẹn wá. Mo tó yí i ní ìdajì. Gbogbo ètò tí ahọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tó ń wọn tàdáwà bí ẹni ń wọn wúrà, mo fi ẹ̀kán méjì rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibo ló fẹ́ kó o sí?

Ooru ọwọ́ lè ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kókó. Bí tàdáwà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ ló kún ikùn. Ká ní mìlílítà 1 afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, tí ọwọ́ wá mú un gbóná láti 20°C dé 35°C: á fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mìlílítà 0.05. Ẹ̀kán kan náà tún nìyẹn. Ìdí rèé tí kálàmù onípísítìnì tó ti ń gbẹ fi máa ń tutọ́ nígbà tí èyí tó kún kò ṣe bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí mo fi ń rọ tàdáwà sí tèmi kó tó tán pátápátá. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, agbára afẹ́fẹ́ máa ń dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ inú kálàmù á sì fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó kún dẹ́múdẹ́mú tàbí kó gbẹ pátápátá, kí níbù sì kọjú sókè.

Kálàmù mi tó ń fo ọ̀rọ̀ ńkọ́? Tàdáwà ló gbẹ sínú ahọ́n rẹ̀. Omi ló ń fẹ́, kì í ṣe kí wọ́n ti i nídìí.

Fífọ̀ ni ibi kejì tí písítìnì ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni sùúrù mi ti máa ń tán. Omi tútù, kì í ṣe gbígbóná, kì í sì í ṣe ọtí ìpakòkòrò, torí méjèèjì lè ba ike àti wásà jẹ́. Ẹ mu ún, ẹ tu ú, ẹ tún mu ún, títí omi á fi jáde ní funfun. Bí tàdáwà pupa bá ti wọ inú kálàmù tó ń gba púpọ̀, ó lè gba ogún ìgbà. Kọ̀nfátà ṣeé yọ jáde, kí a fi omi fọ níbù lọ́tọ̀, ó ti parí. Nítorí náà, ẹni tó ń pààrọ̀ àwọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn pé kó ra onípísítìnì. Ẹni tó ń lo àwọ̀ kan láti ọdún dé ọdún, tó sì ń kọ púpọ̀, òun ni wọ́n ṣe é fún. Kí ó sì yẹra fún tàdáwà àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ní ṣẹ́láàkì (irú oje tí wọ́n fi ń ṣe fáníìṣì) nínú. Bí ìyẹn bá gbẹ sínú ahọ́n, kò ní jáde mọ́.

Bó bá pẹ́, kókó lè bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ má fi agbára yí i, ẹ má sì kán epo sí i. Epo bẹntiróòlù àti gírísì ọkọ̀ lè ba rọ́bà jẹ́. Gírísì sílíkónì ni, ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́, yí etí wásà ká. Nínú àwọn kálàmù tí a lè tú, ẹ sàmì síbi tí kókó wà kí ẹ tó yọ ohunkóhun. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Mo dá a padà pẹ̀lú tíréèdì tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ, písítìnì wá ń dúró ní àárín ọ̀nà. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo rò pé mo ti bà á jẹ́, kó tó di pé mo tún un tú, mo sì jẹ́ kí kókó yọ síta díẹ̀ kí n tó ti ọ̀pá wọlé.

Bí ti yín bá jẹ́ irú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ máa gbé e sójú fèrèsé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ẹ̀yìn wásà. Ibẹ̀ yẹ kó gbẹ. Bí tàdáwà bá wà láàárín ètè méjèèjì, ètè àkọ́kọ́ ti ń rẹ̀. Gírísì díẹ̀ lè tó o. Bí ó bá ti kọjá ètè kejì, tó ti ń rin àyíká ọ̀pá lọ sí ìdí, wásà tuntun ló ń fẹ́. Bí wọ́n bá sì ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdí kálàmù náà pa, ẹ má gbìyànjú láti ṣí i fúnra yín, ẹ gbé e fún ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.